Ẹrù Tí Ọ̀rẹ́ Fi Sílẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Di Àìsàn

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìbàdàn. Ó ní ọ̀rẹ́ òun tí àwọn jọ kọ́ iṣẹ́ aránṣọ ṣaláìsí ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ó sì fi àpò aṣọ mẹ́fà tí a kò tíì gé sílẹ̀ fún òun, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé kí òun rán wọn. Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú òun. Bí òun bá ti fojú kan àwọn àpò náà, àyà òun a máa já, oúnjẹ kì í sì í wọ ọ̀fun òun mọ́. Ó wá ń béèrè oògùn oorun tí ó dára lọ́wọ́ wa.

Mo kọ́kọ́ fẹ́ dáhùn ní ìlà méjì péré, pé kí ó lọ rí dókítà, kí ó má sì ra oògùn oorun lọ́wọ́ ẹni tí ń kiri. Ìdáhùn náà tọ̀nà, mo sì dúró lé e lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún lẹ́tà náà kà, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ara mi ni ìyá yìí ń sọ láìmọ̀. Èmi náà jogún ẹrù ọ̀rẹ́, àfi pé tèmi kì í ṣe aṣọ. Páálí 41 ni, ó sì kù díẹ̀ kí ó pa mí.

Inú ọkọ̀ Aureol ni èmi àti olóògbé ti pàdé ní ọdún 1968. Ẹ̀yin àgbà yóò rántí ọkọ̀ náà. Láti ọdún 1951 ni ó ti ń gbé èrò láàárín Èkó àti Liverpool. Ní ọdún 1972 ni wọ́n fi Southampton rọ́pò Liverpool, nígbà tí ó sì di ọdún 1974, ó ṣíwọ́ iṣẹ́ náà. Èmi ń lọ kọ́ iṣẹ́ apoògùn, òun ń lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Nígbà tí àwa yòókù dùbúlẹ̀ tí a ń bì nítorí ìgbì òkun, òun wà lókè ọkọ̀ tí ó ń ka àwọn ọkọ̀ kékeré tí a fi ń gba ẹ̀mí là, tí ó sì ń ya àwòrán wọn sínú ìwé pélébé kan. Mo rò pé orí rẹ̀ kò pé. Kí a tó gúnlẹ̀, a ti di ọ̀rẹ́ kòríkòsùn.

Yàrá kan ni a jọ gbà ní Camberwell ní Lọ́ńdọ̀nù. Òtútù ń jẹ wá lọ́wọ́, a kò sì ní ìbọ̀wọ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi gba owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, kò fi ra ìbọ̀wọ́. Ó wọ ilé ìtajà Woolworths, ó sì gbé ọkọ̀ òfurufú Spitfire kékeré kan wálé, ní ègé-ègé, nínú ọ̀rá. Mo bú u títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò dá mi lóhùn, ó ń tò ó.

Fún àwọn tí kò mọ irú nǹkan yìí, ike ni àwọn òyìnbó ń yọ́ tí wọ́n ń dà sínú ohun èlò irin, tí apá, ìdí àti kẹ̀kẹ́ ọkọ̀ yóò fi jáde ní kékeré-kékeré lára férémù bí èso lára ẹ̀ka. Ẹni tí ó bá rà á ni yóò gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n, tí yóò sì kùn wọ́n lọ́dà. Mọ́dẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Ilé iṣẹ́ Airfix ní Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn tí ó sọ ọ́ di ohun tí ọmọ tálákà lè rà. Katakata Ferguson ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1949. Ní ọdún 1952 wọ́n ṣe ọkọ̀ ojú omi Golden Hind tí a ń tà ní ṣílè méjì ní Woolworths, Spitfire sì tẹ̀lé e ní ọdún 1953.

Ìṣòro ọ̀rẹ́ mi ni pé ọwọ́ rẹ̀ yá sí rírà ju títò lọ. Ó ní òun yóò tò wọ́n lẹ́yìn ìdánwò. Lẹ́yìn ìdánwò, ó ní ó di ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ìgbéyàwó, ó ní bí òun bá fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó padà sílé ní ọdún 1977, àwọn aṣọ́bodè ní Apápá ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n sì bi í léèrè ohun tí àgbàlagbà ń fi nǹkan ìṣeré ṣe. Ó ní ti àwọn ọmọ òun ni. Kò tíì bí ọmọ kankan nígbà náà. Nígbà tí ó sì fẹ̀yìn tì ní tòótọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò tọ́jú dáadáa nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ ti ba kíndìnrín rẹ̀ jẹ́. Orí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni ó ti lo ọdún tí ó rò pé òun yóò fi tò ọkọ̀. Ó kú ní ọdún 2023.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹbí jókòó. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nínú àṣà wa, ọmọ ni í jogún baba, ìbáà jẹ́ pé wọ́n pín in ní ìdí-igi, ìyẹn ní iye ìyàwó, tàbí ní orí-ojorí, ìyẹn ní iye ọmọ. Ọ̀rẹ́ kò sí nínú méjèèjì. Nítorí náà, ojú tì mí nígbà tí àkọ́bí rẹ̀ mú ìwé kan jáde, tí ó ní baba òun kọ ọ́ pé kí gbogbo páálí mọ́dẹ̀lì di tèmi, kí n má tà wọ́n, kí n tò wọ́n, kí a sì gbé ọkọ̀ Queen Elizabeth sí pálọ̀ ìyá àwọn. Àbúrò olóògbé kan sọ pé òun gbọ́ pé àwọn òyìnbó tí ń kó irú páálí àtijọ́ jọ a máa san owó gọbọi lórí wọn, pé kí a tà wọ́n kí a fi san gbèsè ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀kánjúwà, gbèsè wà nílẹ̀. Ìyàwó olóògbé ni ó parí ẹjọ́. Ó wò mí, ó ní, "Ọkọ mi, ẹ gbé ẹrù yín. Ẹni tí ó ni ín ti sọ̀rọ̀." Gbèsè náà, àwọn ọmọ ti san án.

Ibi tí àìsàn mi ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí mo gbé ẹrù náà délé, mo pinnu nínú ọkàn mi pé kí ó tó di ìrántí ọdún kan, n ó ti tò gbogbo rẹ̀. Ẹni ọdún 75 ni mí nígbà náà. Mo ti yàrá kan pa, mo tan ẹ̀rọ amúlétutù kí eruku má bà á lé ọ̀dà, mo sì ń jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí a bá jẹun alẹ́ tán títí di aago méjì òru. Gọ́ọ̀mù inú páálí ti gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Èmi tí mo fi ogójì ọdún ta oògùn, tí ó yẹ kí n mọ̀, mo lọ ra sólúṣọ̀n tí àwọn aṣebàtà ń lò, mo sì gba tínà lọ́wọ́ káfíńtà. Sólúṣọ̀n náà jẹ ike bí iyọ̀ ṣe ń jẹ irin. Ọkọ̀ ojú omi kan yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ títí ó fi di gbànjọ. Mo sunkún lórí rẹ̀ bí ẹni pé mo tún ọ̀rẹ́ mi pa.

Ẹ̀fọ́rí dé, òòyì ń kọ́ mi, èébì ń gbé mi. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ni. Mo ń gbàgbé láti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, nítorí pé òwúrọ̀ ni mo máa ń lò ó, òwúrọ̀ ni mo sì wá ń sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, ìyàwó mi fi agídí gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ mi ga dé 182 lórí 108. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé bí ó bá ti ń dé 140 lórí 90 léraléra, ó ti ga jù nìyẹn, kì í sì í sábà kéde ara rẹ̀. Ẹ̀fọ́rí tèmi kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru ni ó fà á, bí dókítà ti wí, èéfín sólúṣọ̀n àti tínà nínú yàrá tí a tì pa ni.

Dókítà náà jẹ́ ọ̀dọ́mọdé, ó lè jẹ́ ọmọ ọmọ mi. Ó fi sùúrù gbọ́ gbogbo ìtàn náà, ó wá béèrè pé, "Bàbá, ta ni ó ní kí ẹ parí rẹ̀ láàárín ọdún kan?" Mo ní olóògbé ni. Ó ní ṣé ó wà nínú ìwé. Mo ní ó wà níbẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo mú ìwé náà jáde kí n lè fi hàn án ní ọjọ́ tí n ó padà lọ. Kò sí níbẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ mi kọ ni pé kí n tò wọ́n, bí ọwọ́ mi bá gbà á, èyí tí ọwọ́ mi kò bá gbà, kí n wá ọmọ tí yóò tò ó. Wọ́n ti ka gbólóhùn náà sí mi létí níwájú ẹbí, èmi fúnra mi sì ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá. Ojú ọ̀fọ̀ ni kò jẹ́ kí n rí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ìfẹ́ ẹni tí ó kú yẹ ní mímúṣẹ, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ a máa fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ olóògbé. Yóò fi ọjọ́ sí i, yóò fi iye sí i, yóò sọ "bí ó bá ṣeé ṣe" di "dandan". Àfikún yìí ni ó ń sọni di aláìsàn. Ìyá wa tí ó kọ̀wé, mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó, kí ẹ sì rántí ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ gan-an. Ṣé ó ní ẹ̀yin nìkan ni kí ẹ rán gbogbo aṣọ náà? Ṣé ó dá ọjọ́? Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn ń fẹ́ kí aṣọ òun má bà jẹ́ sínú àpò, a jẹ́ pé ọmọ iṣẹ́ yín lè gé e, ẹ̀yin a sì kọ́ ọ.

Ní ti oorun tí kò wá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú, kì í ṣe àìsàn bí kò bá sùn dáadáa fún ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹkún kì í ṣe àìsàn. Ṣùgbọ́n ìwé àìsàn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022 ti ka ọ̀fọ̀ tí ó pẹ́ jù mọ́ ohun tí ó yẹ kí a tọ́jú: èyí tí ó ti kọjá oṣù mẹ́fà, tí ó le kọjá bí àwọn ènìyàn ẹni ti ń ṣọ̀fọ̀, tí kò sì jẹ́ kí ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ti kọjá fún ìyá wa, oúnjẹ kò sì wọlé. Ó yẹ kí ó lọ rí dókítà ní ọ̀sẹ̀ yìí gan-an, kì í sì í ṣe nítorí oògùn oorun. Oògùn oorun a máa di bárakú. A máa mú kí àgbàlagbà ṣubú lóru nígbà tí ó bá ń lọ tọ̀. Bí a bá sì lò ó pẹ̀lú ọtí, ó lè dá èémí dúró.

Àyà tí ń já náà, ẹ má fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ní ọdún 1990, àwọn dókítà ní Japan ṣàpèjúwe àìsàn ọkàn kan tí ìbànújẹ́ òjijì tàbí ìpayà máa ń fà, tí ọkàn yóò wú ní ìsàlẹ̀ tí ọrùn rẹ̀ yóò sì tín-ín-rín, bí ìkòkò tí wọ́n fi ń dẹ irú ẹja ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan níbẹ̀. Àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dá ni ó sábà ń mú. Ọ̀pọ̀ ni ara wọn ń padà bọ̀ sípò bí wọ́n bá tètè rí ìtọ́jú. Nítorí náà, bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí kò délẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé "ọ̀fọ̀ ni", ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ kí dókítà sọ ohun tí ó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí n kò gbọdọ̀ gbàgbé. Nígbà tí a ń tú àpótí olóògbé, a rí àpò oògùn rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, àbúrò rẹ̀ kan ti mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹlòmíràn ti fi awò ojú rẹ̀ sójú, ó ní ó bá òun mu. Ẹ̀yin ará mi, oògùn kì í ṣe ogún. Oògùn ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti bà jẹ́ lè má yẹ ẹlòmíràn rárá, ọjọ́ rẹ̀ sì lè ti kọjá. Ẹ kó o padà fún apoògùn kí ó bá yín sọ ọ́ nù. Awò náà, kí olúwarẹ̀ lọ yẹ ojú wò kí ó gba tirẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ yẹ ojú tèmi wò nítorí àwọn ègé ike kéékèèké wọ̀nyí ni wọ́n tó rí i pé agbára inú ẹyinjú mi òsì ti ga jù, àìsàn tí ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀ láìdunni, tí ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú tí ó ti lé ní ogójì ọdún. Mo ń kán oògùn sí i ní alaalẹ́. A lè sọ pé páálí ọ̀rẹ́ mi ni ó yọ ojú náà.

Ó ku bí mo ṣe ń tò wọ́n nísinsìnyí, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní ẹrù àtijọ́ nílé, yálà ti mọ́dẹ̀lì ni tàbí ti iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn.

Àwọn páálí náà ti pẹ́ nínú yàrá ìkẹ́rùsí, ìgbẹ́ eku sì wà lára wọn. Ikán ti jẹ ọ̀kan tán pátápátá. Ìgbálẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fà yọ, àṣìṣe ńlá sì ni. Àrùn Lassa, tí a kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno ní ọdún 1969, inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ni ó ń gbé, a sì lè fi imú fa eruku rẹ̀. Ẹ má gbá a ní gbígbẹ. Ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ jáde fún ààbọ̀ wákàtí. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi bílíìṣì tí a là mọ́ omi rin ín dáadáa, kí ẹ tó fi àkísà kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ sì so ọ́ pa.

Ọ̀dà inú agolo kéékèèké tí ọ̀rẹ́ mi rà láyé ọjọ́un, mo fi wọ́n sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́ ní òjé nínú, a kò sì lè fi ojú mọ èyí tí ó ní. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò lè pa ènìyàn lára, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bà jẹ́ jù lọ. Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara ní ọdún 2010, níbi tí eruku òjé láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta wúrà ti pa àwọn ọmọ tí ó ju 400 lọ. Ọ̀dà tí a fi omi pò ni mo ń lò báyìí. Bí mo bá sì fẹ́ fi sáńpépà ha nǹkan, mo máa ń rẹ ẹ́ sómi kí eruku má bà á gbéra.

Ní ti gọ́ọ̀mù, mo rí èyí tí ó bá irú ike náà mu ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ yíya àwòrán ilé ti ń ra nǹkan ní Yábàá. Òun náà ní èéfín, nítorí náà ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mo ń jókòó sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ kúrò lójú mi. Mo ń dìde ní ààbọ̀ wákàtí ààbọ̀ wákàtí kí ẹsẹ̀ má bà á wú. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, mo ti kó o pamọ́. Gọ́ọ̀mù kékeré kan tún wà tí ń mú lójú ẹsẹ̀. Bí ìka bá lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ má fà á, ẹ fi sínú omi ọṣẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, yóò tú díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ta sójú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ.

Mo tún fẹ́ bá àwọn òbí sọ̀rọ̀ lórí tínà. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu tínà tàbí kẹrosín, a ní àṣà kan tí ó ti pa ọmọ púpọ̀: a ó rọ epo pupa sí i lẹ́nu kí ó lè bì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Bí ó bá ti ń bì í, díẹ̀ nínú rẹ̀ lè yà wọ ẹ̀dọ̀fóró, ibẹ̀ ni ewu wà jù. Ẹ má fún un ní epo, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ bọ́ aṣọ tí ó bá ta sí kúrò lára rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́. Ẹ má sì rọ tínà sínú ìgò mínírà láéláé.

Bákan náà ni àwọn ọ̀dọ́ tí ń fa sólúṣọ̀n símú. Kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ wa nìkan. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà ń fa gọ́ọ̀mù mọ́dẹ̀lì gan-an símú tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ Testor fi da òróró mọ́sítáàdì sínú tiwọn ní ọdún 1969 kí ó lè máa ta wọ́n nímú. Èéfín náà lè dá ọkàn dúró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìbáà jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́. Nítorí èyí, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn ọmọ àdúgbò wá sí ẹ̀yìnkùlé mi ní ọjọ́ Sátidé, ọwọ́ mi ni gọ́ọ̀mù ń wà. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún mẹ́wàá kì í fọwọ́ kan abẹ. Àwọn páálí kan wà tí a kì í lẹ̀ rárá, tí ègé wọn kàn ń há mọ́ra; àwọn kékeré ni mo ń fún ní irú wọn.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé ó dùn mí ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin kan kun ọkọ̀ òfurufú ogun ní àwọ̀ pupa àti yẹ́lò bí ọkọ̀ akérò. Ó wù mí kí n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ìbá ti kun ún bí ó ti wà nínú àwòrán gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé náà ní kí n wá ọmọ tí yóò tò ó. Kò ní kí n wá ọmọ tí yóò tò ó bí òun.

Ọkọ̀ Queen Elizabeth ni mo fi pamọ́ títí ọmọ ọmọ olóògbé fi gba ìsinmi. Ọmọ ọdún 13 ni, ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀ ju tèmi lọ. Ọkọ̀ tí a fi ṣe àwòkọ rẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,031; iná ni ó jó o ní èbúté Hong Kong ní ọdún 1972. Èyí tí a tò gùn tó nǹkan bí ṣẹ́ńtímítà 52. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbà wá. Nígbà tí a dé ibi àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí a fi ń gba ẹ̀mí là, ọmọ náà kà wọ́n, ó ní, "Bàbá àgbà, ọ̀kan kò sí níbẹ̀." A wá a títí lábẹ́ tábìlì, a kò rí i. Ó mú ìdérí bíírò funfun, ó fi abẹ gbẹ́ òmíràn níbẹ̀, tí ẹ kò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ bí ẹ kò bá fi ọwọ́ kàn án. Ibi tí ó wà gan-an, èmi àti ọmọ náà nìkan ni a mọ̀. Ìyàwó olóògbé gbé ọkọ̀ náà sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó dojú kọ àga tí ọkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún, òun ni yóò máa nù ún.

Ẹ̀yin tí ẹ wà láàyè, tí ẹ ní nǹkan tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀ fún ọ̀rẹ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó yé ènìyàn, ẹ fi ọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní jẹ nínú ogún náà. Ẹbí ọ̀rẹ́ mi jẹ́ onínúure. Ìwé tí kò ní ẹlẹ́rìí ni wọ́n fi fún mi ní ẹrù. Kì í ṣe gbogbo ẹbí ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ sì bá ẹni tí ẹ fẹ́ fún sọ̀rọ̀ nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́, kí ó lè sọ pé, "Mi ò ní àyè," bí kò bá ní àyè.

Nínú páálí 41 náà, mo ti tò mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn sì ni sólúṣọ̀n jẹ. Queen Elizabeth wà ní pálọ̀, ikán jẹ ọ̀kan, 20 ti lọ sọ́wọ́ àwọn ọmọ. Ó ku 13. Ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 134 lórí 82 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Bí ọmọ kan bá wà ní Èkó tí ó ní sùúrù, tí òbí rẹ̀ sì lè máa mú un wá ní ọjọ́ Sátidé, kí òbí náà kọ̀wé sí wa ní ojú ìwé yìí. Ìyá wa ní Ìbàdàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún kọ̀wé lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí dókítà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí.